Kèké àjọ wa ní Kubwa, àti default_rng ti NumPy

“Akọ̀wé, ṣé kọ̀ǹpútà yìí náà ti ń gba rìbá ni?”

Ìyá oníṣu ló bi mí bẹ́ẹ̀ lójú gbogbo ẹgbẹ́, ní 2023, nínú yàrá ìpàdé kan tí a máa ń háyà ní Byazhin, níbí ní Kubwa. Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ fi ẹnu ara mi sọ fún wọn pé bí mo bá tẹ nọ́mbà kan náà lẹ́ẹ̀mẹ́wàá, bí orúkọ ṣe máa tò tẹ̀lé ara wọn ò ní yí padà lẹ́ẹ̀mẹ́wẹ̀ẹ̀wá. Mo tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kejì, ó yí padà. Òógùn bò mí, bẹ́ẹ̀ fáànù ń yí lókè orí mi.

Irinṣẹ́ tó yọ mí nínú ìtìjú yẹn ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí lónìí: NumPy, pàápàá apá rẹ̀ tó ń jẹ́ default_rng, tí a fi ń mú nọ́mbà tó jọ kèké jáde nínú Python, èdè tí a fi ń kọ kóòdù fún kọ̀ǹpútà. Láti 2024 ni mo ti ń fi ṣẹ́ kèké ẹgbẹ́ wa, mo sì ń lò ó níbi iṣẹ́. Ọ̀fẹ́ ni. Lórí Windows, ohun tí ẹ máa gbà wọlé kò tó ogún MB, dátà yín ò ní sunkún. Ẹ tẹ pip install numpy, ó tán.

Èèyàn mẹ́rìnlélógún ni wá nínú àjọ náà, ọmọ Yorùbá tó wá jẹun ní Abuja tí iye owó ilé sì lé wa wá sí Kubwa: oníṣu, aláṣọ, awakọ̀, tíṣà méjì, télọ̀, àti èmi tí wọ́n ń pè ní akọ̀wé torí pé èmi ni mo ní kọ̀ǹpútà alágbèéká. Oníkálùkù ń dá ₦15,000 lóṣù. Ó di ₦360,000, èèyàn méjì ló ń kó o, ₦180,000 fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, ọdún kan sì la fi ń yí i ká. Ẹ ò ní wádìí jìnnà kí ẹ tó mọ ibi tí ìjà wà. Ẹni tó kó lóṣù àkọ́kọ́ ti náwó tí kò tíì dá. Ẹni tó kó kẹ́yìn ti fi ọdún kan gbáko yá gbogbo wa lówó, nígbà tí owó rẹ̀ bá sì dé ọwọ́ rẹ̀, ohun tó fẹ́ fi rà ti gbówó lórí. Nítorí náà kèké la máa ń ṣẹ́. Tẹ́lẹ̀, ìwé pélébé tí a ká sínú fìlà Alàgbà akápò ni, títí ẹnìkan fi ní òun rí ìwé kan tí wọ́n ká yàtọ̀ sí ìyókù. Láti ọjọ́ náà ni fìlà ti dẹ̀ṣẹ̀.

Ní 2022, mo ní kí wọ́n má ṣèyọnu, pé spreadsheet máa ṣe é. Mo to orúkọ sílẹ̀, mo fi RAND(), tó ń mú nọ́mbà bíi kèké jáde, síwájú oníkálùkù, mo fi RANK sọ ipò tí kálukú wà, mo so kọ̀ǹpútà mọ́ tẹlifíṣọ̀n kí gbogbo ojú lè rí i. Ó dára. Wọ́n pàtẹ́wọ́. Alàgbà wá ní, “Akọ̀wé, o ò fi àmì sábẹ́ ọ̀ orúkọ mi.” Mo ní, “Ẹ má bínú, Alàgbà,” mo fi àmì sí i, mo tẹ Enter. Gbogbo nọ́mbà tó wà lójú tẹlifíṣọ̀n yí padà lẹ́ẹ̀kan náà. Màmá aláṣọ tó wà nípò kejì bọ́ sí ogún. Ẹni tó wà nípò kọkànlélógún bọ́ sí ìkẹta, ó sì dìde ó ń jó. Ẹ̀bi mi ni, kì í ṣe ti spreadsheet: bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe dá RAND, gbogbo ìgbà tí ẹ bá ti fọwọ́ kan nǹkan lójú ìwé náà ló máa tún kèké ṣẹ́, kò sì síbi tí ẹ ti lè sọ fún un pé ibi báyìí ni kó ti bẹ̀rẹ̀. Wákàtí méjì la fi jà.

Kí n tó dé orí 2023, mo ní láti ṣàlàyé nǹkan kan, torí mo ti rí i pé ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé inú kọ̀ǹpútà ni kèké wà. Kò sí níbẹ̀. Ìṣirò ni kọ̀ǹpútà mọ̀. Ọ̀pẹ̀lẹ̀ ní ojú mẹ́jọ, ọ̀kọ̀ọ̀kan lè dojú dé tàbí kó ṣíjú sókè, odù 256 ló lè yọ, kò sì sẹ́ni tó lè pàṣẹ pé èyí tó yọ lánàá ni kó tún yọ lónìí. Kọ̀ǹpútà kì í ṣe ọ̀pẹ̀lẹ̀. Ayò olópọ́n ni. Ojú méjìlá, ọmọ mẹ́rin mẹ́rin, ọmọ 48. Tí ọ̀ta bá gbá ayò láti ojú kan, ó ti mọ ibi tí ọmọ ìkẹyìn máa bọ́ sí. Òpè tó jókòó tì í ló ń rò pé oògùn ni. Ẹ to ọpọ́n bákan náà lọ́la, ẹ gbá ojú kan náà, ibi kan náà ni ọmọ ìkẹyìn máa bọ́ sí. Nọ́mbà tí ẹ fi bẹ̀rẹ̀, tí àwọn tó ń kọ kóòdù ń pè ní seed, òun ni bí ẹ ṣe to ọpọ́n. Ohun tó tẹ̀ lé e jọ kèké lójú wa torí pé gbígbá náà pọ̀ ju èyí tí orí èèyàn lè kà lọ.

Ó pọ̀ lóòótọ́. Ọ̀nà tí random, èyí tó wà nínú Python fúnra rẹ̀, ń gbà gbá ayò yìí ni Mersenne Twister, iṣẹ́ ọwọ́ àwọn ará Japan méjì, Makoto Matsumoto àti Takuji Nishimura, ní 1997. Kó tó yí dé ibi tó ti bẹ̀rẹ̀, iye ìgbésẹ̀ tó máa gbé jẹ́ nọ́mbà tí a ó fi 6,002 dígíìtì kọ. NumPy àtijọ́ náà ń lò ó. Ní 2019, nígbà tí NumPy 1.17 jáde, wọ́n gbé default_rng dé, wọ́n sì fi PCG64 sábẹ́ rẹ̀, ẹbí ọ̀nà tí Melissa O'Neill, olùkọ́ ní Amẹ́ríkà, kọ jáde ní 2014. Ó yá, kò wúwo.

Ẹ wo ohun kan tó yà mí lẹ́nu. Ẹ fún random ní 42, nọ́mbà àkọ́kọ́ tó máa fún yín ni 0.6394267984578837. Ẹ fún NumPy àtijọ́ ní 42 kan náà, ó di 0.3745401188473625, bẹ́ẹ̀ Mersenne Twister kan náà ni àwọn méjèèjì ń lò. Bí wọ́n ṣe ń to ọpọ́n láti ara 42 ló yàtọ̀. Ẹ fún default_rng ní 42, 0.7739560485559633. Ẹ gbìyànjú rẹ̀ nílé. Ẹni tó bá wá sọ fún yín pé “42 ni mo lò” láìsọ irinṣẹ́ tó lò, kò tíì sọ nǹkan kan.

Ó yá, 2023. Mo lo random pẹ̀lú nọ́mbà ìbẹ̀rẹ̀ 2023. Obìnrin kan ti fi orúkọ ránṣẹ́ lẹ́ẹ̀mejì lórí WhatsApp, mo wá fi set() yọ àsọtúnsọ kúrò kí n tó da orúkọ rú. Nílé, mo dán an wò lẹ́ẹ̀mẹ́ta, kò yẹ̀. Ní ìpàdé, mo ṣe é, ó jáde. NEPA mú iná lọ, bátìrì mi tó ti gbó kú, wọ́n tan jẹnẹrétọ̀, mo tún kọ̀ǹpútà tàn. Ìyá oníṣu ní kí n tún un ṣe kí òun rí i dáadáa. Ibẹ̀ ni ìbéèrè rìbá ti wáyé.

Ọ̀sẹ̀ kan ni mo fi wá ìdí rẹ̀. set kì í rántí ẹni tó kọ́kọ́ wọlé. Láti Python 3.3 ni wọ́n sì ti ṣe é pé, gbogbo ìgbà tí ẹ bá ṣí Python, yóò bu iyọ̀ ìkọ̀kọ̀ tuntun, ìyẹn nọ́mbà kan tí ẹnikẹ́ni ò mọ̀, sínú ìṣirò tó fi ń wá àyè fún ọ̀rọ̀ nínú set, kí àwọn ọ̀bàyéjẹ́ orí íntánẹ́ẹ̀tì má baà fi mọ̀-ọ́n-mọ̀ kó ọ̀rọ̀ tí yóò há ara wọn mọ́lẹ̀ ránṣẹ́. Nílé, mi ò pa Python dé láàárín ìgbà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, iyọ̀ kan náà ni. Ní ìpàdé, iná lọ, iyọ̀ yí padà, orúkọ ti dàrú kí random tó fọwọ́ kàn wọ́n. random ò jẹ̀bi. Ọpọ́n tí mo gbé síwájú rẹ̀ ló yàtọ̀.

Mo padà lọ ṣàlàyé fún wọn, wọ́n gbọ́ díẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀kan nínú àwọn tíṣà, èyí tó ń kọ́ni ní ìṣirò, bi mí ní ọ̀rọ̀ kan tó dùn mí ju ti ìyá oníṣu lọ. Ó ní, “Bọ̀ọ̀dá, ta ló mú 2023 wá?” Mo ní èmi ni, ọdún tí a wà ni. Ó ní, “Kí ló dé tí kì í ṣe 2024? Kí ló dé tí kì í ṣe ọjọ́ ìbí yín?”

Mo délé, mo jókòó, mo bẹ̀rẹ̀ láti 0: 0, 1, 2, mò ń wo ìgbà tí orúkọ mi máa bọ́ sípò kìn-ín-ní. Nígbà tí mo dé orí 16, èmi ni olórí. Kò tó ìṣẹ́jú kan. Bí èèyàn mẹ́rìnlélógún bá wà, ẹ̀ẹ̀kan nínú mẹ́rìnlélógún ni orúkọ ẹni yóò máa wà lókè, nítorí náà ẹni tó bá ní sùúrù láti tẹ ọgọ́rùn-ún nọ́mbà á rí mélòó kan tó dùn mọ́ ọn, á wá wá sí ìpàdé pẹ̀lú ọ̀kan nínú wọn, á ní “ọjọ́ ìgbéyàwó mi ni.” Gbogbo ayé lè tún un ṣe, kí wọ́n rí ohun kan náà, kí ó sì jẹ́ jìbìtì. Mo ti ń pariwo pé “ẹ lè tún un ṣe” bí ẹni pé ìyẹn nìkan ló ń jẹ́ òtítọ́. Kò sí irinṣẹ́ kankan, NumPy tàbí òmíràn, tó lè bá yín tọ́jú apá kejì: ẹni tó mú nọ́mbà ìbẹ̀rẹ̀ wá, àti bóyá ó ti rí orúkọ kó tó mú un wá.

Ní oṣù kẹta 2024, a ṣe é báyìí. A kọ́kọ́ to orúkọ sórí páálí, a lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri, ó di pé kò sẹ́ni tó lè fọwọ́ kàn án mọ́. Mo kọ kóòdù náà sórí páálí kejì, mo kọ ẹ̀dà NumPy tí mo lò, 1.26.4, sábẹ́ rẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn ni mo tó yọ dáìsì lúdò ọmọ mi jáde. Èèyàn mẹ́wàá jù ú, oníkálùkù lẹ́ẹ̀kan, Alàgbà ń ké nọ́mbà, tíṣà ń kọ ọ́. 5316224613. Dáìsì mẹ́wàá lè bí nọ́mbà 60,466,176, kò sì sẹ́ni tó lè ti mọ èyí tó ń bọ̀.

import numpy as np
rng = np.random.default_rng(5316224613)
print(rng.permutation(range(1, 25)))

Ìlà mẹ́ta péré. Ẹ kíyè sí i pé nọ́mbà yẹn ga ju 4,294,967,295 lọ, np.random.seed àtijọ́ ì bá ti kọ̀ ọ́, torí ibẹ̀ ni òdiwọ̀n tirẹ̀ mọ. default_rng gbé e mì láìsọ nǹkan kan. Ìyẹn nìkan ti tó kí n fẹ́ràn rẹ̀.

Ẹ ó sì rí i pé nọ́mbà 1 dé 24 ni mo dà rú, kì í ṣe orúkọ. Ìtàn wà lẹ́yìn ìyẹn náà. Ìyá oníṣu ní ọmọkùnrin kan tó ń kàwé ní FUT Minna, ó ní àfi kí ọmọ òun ṣe é lórí kọ̀ǹpútà tirẹ̀ kí òun tó gbà. Inú mi dùn, ohun tí mo ń fẹ́ gan-an nìyẹn. Ní ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú ìpàdé, a fi orúkọ dán an wò, èmi ní Kubwa, òun ní Minna, sorted() la fi tò wọ́n, nọ́mbà ìbẹ̀rẹ̀ kan náà, NumPy kan náà. Kò bára mu! Mo rò pé mo máa ya wèrè. Ọmọ náà ló rí i. Orúkọ tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú Ṣ wà nínú wa, kíbọọ̀dù tèmi sì ń tẹ Ṣ ní odindi lẹ́tà kan, nígbà tí tirẹ̀ ń tẹ S lásán kó tó wá fi àmì sí i nísàlẹ̀. Lójú èèyàn, ọ̀kan ni wọ́n. Lójú kọ̀ǹpútà, odindi Ṣ ń bẹ lẹ́yìn Z, èkejì sì jókòó sáàárín àwọn S ẹgbẹ́ rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni Ọ àti Ẹ. Ẹ̀yin tí ẹ ń fi kóòdù to orúkọ Yorùbá, ẹ má fi èyí ṣeré o: ìwé àwọn òyìnbó ò ní kìlọ̀ rẹ̀ fún yín, torí àmì sábẹ́ lẹ́tà kì í ṣe ìṣòro tiwọn. A fún oníkálùkù ní nọ́mbà ẹgbẹ́, nọ́mbà náà la sì ń dà rú láti ìgbà yẹn. Lọ́jọ́ ìpàdé, ọmọ náà fi àwòrán ojú kọ̀ǹpútà rẹ̀ ránṣẹ́ láti Minna. Láti orí dé ìdí, ó bára mu.

Níbi iṣẹ́, ohun tí mo fẹ́ràn jù ni spawn, àṣẹ tó ń mú kí orísun nọ́mbà kan bí àwọn orísun mìíràn. A máa ń yan ilé tí a ó lọ fi ọ̀rọ̀ wá àwọn èèyàn lẹ́nu wò, jákèjádò ìjọba ìbílẹ̀ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà FCT: Abaji, AMAC, Bwari, Gwagwalada, Kuje, Kwali. Tẹ́lẹ̀, orísun kan ni mo fi ń ṣe gbogbo rẹ̀ léraléra. Bí orúkọ abúlé láti Abaji bá pẹ́ dé, tí mo sì bẹ̀rẹ̀ láti Bwari, gbogbo ilé tí mo máa yàn ní Kwali á yàtọ̀, bẹ́ẹ̀ kò sí nǹkan kan tó yí padà ní Kwali. Nísinsìnyí, SeedSequence kan ni ìyá, mo ní kó bí ọmọ mẹ́fà, ọmọ kọ̀ọ̀kan gba ìjọba ìbílẹ̀ tirẹ̀. Abaji lè dé lọ́la, ó lè dé lọ́dún tó ń bọ̀, kò kan Kwali. Ọ̀gá mi tó máa ń bi mí pé “kí ló dé tí ilé tí o yàn lánàá fi yàtọ̀ sí tòní” ti dákẹ́.

Ẹ̀dùn ọkàn mi kò pọ̀, ṣùgbọ́n ó wà. shuffle, permutation, permuted: mẹ́ta ni wọ́n, wọ́n jọ ara wọn bí ìbejì àti ìdòwú. shuffle máa ń da àkójọ tí ẹ fún un gan-an rú, permutation máa ń fi èyí tí ẹ fún un sílẹ̀ kó tó da ẹ̀dà rẹ̀ rú. Mo ti fi shuffle ba àkójọ kan jẹ́ rí, ọjọ́ méjì ni mo fi wá a.

Èyí tó tóbi ni ti ẹ̀dà NumPy fúnra rẹ̀, bíi 1.26.4 yẹn. Àwọn tó ń ṣe NumPy kọ ọ́ sílẹ̀ gbangba pé àwọn ò ṣèlérí pé ohun tí default_rng máa mú jáde kò ní yí padà láti ẹ̀dà kan sí òmíràn. Ti àtijọ́, RandomState, ni wọ́n ti dì pa. Mo mọ ìdí rẹ̀, wọ́n fẹ́ ní àyè láti tún nǹkan ṣe. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń ṣe ìwé àkọsílẹ̀ owó ẹgbẹ́ kò lè fi ìyẹn sùn. Ìdí nìyẹn tí 1.26.4 fi wà lórí páálí, tí mo sì dá fódà kan sí lórí kọ̀ǹpútà mi tó jẹ́ pé ẹ̀dà yẹn nìkan ló wà nínú rẹ̀. Bí ẹnìkan bá jí ẹjọ́ 2024 dìde lẹ́yìn ọdún márùn-ún, mo ti gbáradì.

Ẹ má sì fi í ṣe PIN tàbí ọ̀rọ̀ aṣínà o. Ohun tí ẹ lè tún ṣe, olè náà lè tún un ṣe. Ẹ lo secrets fún ìyẹn, inú Python ló wà.

Mẹ́rin nínú márùn-ún ni mo fún un. Ẹyọ kan tó kù, ọ̀rọ̀ ẹ̀dà ló gbà á.

Ní 2025, a tún ju dáìsì, a tún ṣe é, ìyá oníṣu bọ́ sípò kẹtàlélógún. Kò bá mi jà. Ó gbé fóònù, ó pe Minna níṣojú gbogbo wa, ó ka nọ́mbà mẹ́wẹ̀ẹ̀wá fún ọmọ rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, a jọ dúró, jẹnẹrétọ̀ ń kùn lẹ́yìn fèrèsé. Ọmọ náà ka èsì padà fún un. Ó gbọ́ tirẹ̀ tán, ó mí kanlẹ̀.

“Akọ̀wé, ó ní òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ta ló ju dáìsì kẹsàn-án yẹn?”

Tíṣà wo ìwé tó fi ń kọ ọ́. “Ẹ̀yin ni, Mà á.”